Wọ́n Ní "Gbogbo Ẹ̀ Ló Wà Níbẹ̀", Àfi Ìgbà Tí Omi Dé

Ìwé tí iléeṣẹ́ adójútòfò fi ránṣẹ́ sí wa kò ju ojú ewé kan lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní òǹtẹ̀, ó ní ìkíni níbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìkíni ní ìparí. Ohun tó wà láàárín ìkíni méjèèjì ni pé wọn kò ní san kọ́bọ̀ lórí bọ́ọ̀sì wa tí omi bà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kà á nínú yàrá ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀kẹta la tó gbà pé ohun tí wọ́n kọ nìyẹn lóòótọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kàwé jáde, tí ẹ dá owó tí a fi ra bọ́ọ̀sì náà, ẹ ti ń bi wá léèrè pé, "Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ńkọ́?" Ibi tó dé rèé. A ò kọ ọ́ láti fi sunkún sí yín létí. Ẹjọ́ la fẹ́ rò, ẹ̀yin ni kí ẹ dá a.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ohun tí bọ́ọ̀sì yẹn jẹ́. Elérò méjìdínlógún ni. Nígbà tí a rà á, a yọ ìjókòó ẹ̀yìn, a to pákó sí i, a tẹ́ fóòmù lé e, a kan kọ́bọ́ọ̀dù kékeré fún aṣọ eré àti ìlù. Ìdí ni pé ẹgbẹ́ òṣèré wa kò lówó hòtẹ́ẹ̀lì. Bí a bá lọ ṣeré ní ìlú mìíràn, àwọn obìnrin á sùn nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọkùnrin á sùn sí gbọ̀ngàn tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún wa. Ọkọ̀ ni, ilé ni, àpótí aṣọ sì ni. Láìsí i, eré wa kò lè kọjá ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́.

Mílíọ̀nù 6 náírà ni iye tí wọ́n kọ sí ìwé adójútòfò pé ọkọ̀ náà jẹ́. Ìlànà tí àjọ NAICOM gbé kalẹ̀ ni pé owó tí ènìyàn máa san fún irú ìwé tí wọ́n ń pè ní comprehensive kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣírò ó: ₦300,000. A san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tó ta ìwé náà fún wa, ẹni tó tó bàbá wa, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Comprehensive ni. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀." A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a dúpẹ́, a gba ìwé, a fi sínú fáìlì.

Òru ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù Keje ọdún 2024 ni omi dé. A ṣeré tán ní Ìbàdàn, a gbé ọkọ̀ sínú ọgbà kan tí kò jìnnà sí odò Ọ̀nà. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Nígbà tó máa fi di òru, omi ti kún gọ́tà, ó ti gba títì, ó sì ti wọ inú ọgbà. Márùn-ún nínú àwọn obìnrin wa ló sùn nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn ló tají nígbà tí omi kan ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé gángan méjì, wọ́n sì sá gun àtẹ̀gùn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ eré àti dùndún wà níbẹ̀ tí omi fi bò wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fà. Ilà ẹrẹ̀ kan yí bọ́ọ̀sì ká láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tẹ́jú bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á, ó dé ibi ìjókòó. A yà á ní fọ́tò. Bàbá awakọ̀ wa fẹ́ gbé ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì ké gbà, ó sì dákẹ́. Àwa tí a dúró síbẹ̀ kò mọ̀ ju bàbá lọ, a ò sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Mẹkáníìkì ló ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì máa ń fún pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀ tí a ṣáná sí i, irin tó gbé písítìnì ló máa tẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: bí omi bá wọ ọkọ̀ yín, ẹ má ṣáná sí i. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Iye tí mẹkáníìkì àti rewáyà kọ fún wa jẹ́ ₦2,150,000. Ẹ́ńjìnnì gba ₦1,200,000. Wáyà àti brain box gba ₦600,000. Pákó ilẹ̀, fóòmù àti kọ́bọ́ọ̀dù gba ₦350,000. A ò tilẹ̀ ka ìlù àti aṣọ mọ́ ọn, nítorí a mọ̀ pé ìwé ọkọ̀ kò kan ẹrù inú ọkọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn kan náà la pe iléeṣẹ́ náà. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kan ohunkóhun títí ẹni tí wọ́n máa rán wá yóò fi wo òfò náà. A gbọ́ràn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè a kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù wọn, a fi fọ́tò sí i. Ọjọ́ 19 ni a fi dúró kí ọ̀gbẹ́ni náà tó yọjú. Nínú oṣù òjò, nínú bọ́ọ̀sì tí a tì pa, fóòmù tó mu omi bíi kànìnkànìn wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 19. Ìgbà tí a ṣí ilẹ̀kùn, òórùn kò jẹ́ ká dúró. Ọ̀gbẹ́ni bo imú, ó tẹ pákó pẹ̀lú ìka, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ 77 tí a ti kọ̀wé béèrè owó òfò ni èsì dé. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n fi kọ̀. Èkíní: ìkún omi kò sí lára ohun tí ìwé wa bò, àyàfi tí a bá ti san owó lé e fún un. Èkejì: pákó ilẹ̀ ti jẹrà, irin ti dípẹtà, èyí tó fi hàn pé omi ti ń jò wọlé díẹ̀díẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọn kì í sì í san owó lórí ohun tó gbó fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta: awakọ̀ wa ló ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tó mumi, àfọwọ́fà ni.

A fẹ́ ṣe òtítọ́. Ẹ̀kẹta yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀ ni, ọwọ́ wa ló wà níbẹ̀. Ká ní wọ́n yọ owó ẹ́ńjìnnì kúrò, tí wọ́n san ₦950,000 tó kù, a ò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní àti èkejì ni a kò lè gbé mì.

Ẹ gbé ìdí méjèèjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wò wọ́n. Wọ́n ní ìkún omi ló bà á jẹ́, nítorí náà àwọn kò ní san. Wọ́n tún ní kì í ṣe ìkún omi, omi tó ń jò díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí náà àwọn kò ní san. Èwo ni ká gbà? Ẹni tó ní òun kò sí nílé lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ sọnù, kò tún yẹ kó sọ pé òun rí ewúrẹ́ náà nígbà tó ń jáde. Wọn kò wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì. Ohun tí wọ́n wá ni ọ̀nà tí wọn kò fi ní sanwó, wọ́n sì rí méjì, inú wọn dùn débi pé wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí lè mọ omi tó ń jò yàtọ̀ sí omi tó kún wọlé. Omi tó ń jò láti orílé máa ń ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó máa ń fi àmì róbótó sára àjà, ọ̀kan lé orí òmíràn, àwọ̀ wọn kì í bára mu, nítorí òjò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Ìdí ìṣó àti etí fèrèsé ló ti máa ń kọ́kọ́ rọ̀. Omi tó kún, ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè. Ilà kan ṣoṣo ló ń fi sílẹ̀, yíká yíká, ó sì ń gbé ẹrẹ̀ lọ síbi tí òjò kì í gbé e dé: inú ilẹ̀kùn, abẹ́ ìjókòó, inú ihò bẹ́líìtì. Gbogbo èyí wà nínú fọ́tò wa. Ní ti pákó tó rọ̀ àti èébu tó hù, àwọn gan-an ló ní ká má fọwọ́ kan án, àwọn ló sì lo ọjọ́ 19 kí wọ́n tó dé. Wọ́n de ọwọ́ wa, wọ́n wá ní a kò ti ilẹ̀kùn.

Ṣé wọ́n rú òfin? Rárá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti burú. Òfin adójútòfò ti ọdún 2003, èyí tó wà lójú iṣẹ́ nígbà náà, fún wọn ní ọjọ́ 90 láti sanwó tàbí láti kọ̀ kí wọ́n sì sọ ìdí. Ọjọ́ 77 ni wọ́n lò. Lójú òfin, wọ́n tètè ṣe é. Òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025 ti gbé iye owó ìpìlẹ̀ tí iléeṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ àti dúkìá gbọ́dọ̀ ní lọ sí bílíọ̀nù 15 náírà. A yọ̀ fún ìyẹn, nítorí àpò òfìfo kò lè san owó òfò. Ṣùgbọ́n àpò tó kún kò fi hàn pé ọwọ́ máa wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé àdéhùn wa jẹ́ ojú ewé 14. Ojú ewé kẹsàn-án ni gbólóhùn ìkún omi wà, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó sì wà láàárín ogun àti ìmìtìtì ilẹ̀, bí ẹni pé Ìbàdàn kì í rí omi ju bó ṣe ń rí ogun lọ. Ìlú tí odò Ògùnpa kún bo ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìlú tí omi tún kún bo ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá lọ, tó tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ta ni kò mọ̀ ní Ìbàdàn pé omi ni ọ̀tá? Ẹni tó bá ta "gbogbo ẹ̀" fún ará Ìbàdàn, tó sì yọ omi kúrò láìsọ̀rọ̀, ọjà wo ló tà?

Àwọn kan máa sọ pé, "Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni yín. Ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló dé tí ẹ kò ka ìwé yín?" A gba ìbáwí yẹn, ó tọ́ sí wa. A fọwọ́ sí ohun tí a kò kà. Ṣùgbọ́n ẹ ro èyí wò: bí akẹ́kọ̀ọ́ ogún tó ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá ní Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ kò bá lóye ojú ewé kẹsàn-án, kí ni ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági máa rí níbẹ̀? Kí ni awakọ̀ tó ń ná Ọ̀jọ́ọ̀ sí Mókọ́lá máa rí? Wọ́n ń fi èdè Yorùbá polówó lórí rédíò, wọ́n ń fi Yorùbá gba owó, wọ́n ń fi Yorùbá pe ènìyàn ní "ọmọ mi". Ìgbà tí owó bá fẹ́ padà jáde ni èdè wa kì í tó wọn sọ mọ́.

Òun náà ló jẹ́ kí ara máa ta wá nígbà tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wọ̀nyí bá jókòó síbi ìpàdé tí wọ́n sọ pé àwa ènìyàn wa kò ní àṣà adójútòfò, pé a kàn ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣọ́ wa". Ìròyìn òfìfo ni. Àwa la ni èsúsú. Àwa la ni àáró, tí àgbẹ̀ ń bá àgbẹ̀ roko kó lè rí ẹni bá òun náà ro tirẹ̀. Àwa la ni ọ̀wẹ̀, tí gbogbo àdúgbò fi ń gbé òrùlé lé ilé ẹni tí iná jó ilé rẹ̀. Kí la ń pè ní adójútòfò bí kò bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé òfò ẹnì kan? A mọ̀ pé alájọ náà máa ń gbé owó sá lọ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, kò sí ẹni tí kò mọ iye tó ń dá, ọjọ́ tó máa kó, àti ohun tó lè mú kó má kó. Wọ́n sọ ọ́ lójú rẹ̀, ní èdè rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa kò sá fún adójútòfò. Ohun tí wọn kò mọ ojú rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ kan ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé third party. Láti oṣù Kíní ọdún 2023 ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ aládàáni ti kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000, tí iye tí wọ́n lè san fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bà jẹ́ sì di mílíọ̀nù 3 náírà. Ẹ kíyè sí i: ẹlòmíràn. Bí omi bá gbé ọkọ̀ tiyín lọ, ìwé yẹn kò ní kọ́bọ̀ fún yín. Mélòó nínú yín ni ẹni tó ta á fún yín sọ ìyẹn fún?

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀.

Sí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò: ẹ kọ ojú ewé kan ní Yorùbá, kí ó wà níwájú ìwé, kí ó sọ ohun tí ẹ kò ní san. Ẹ kà á fún ẹni tó ń rà kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí a fi ìkún omi sí i, àbí ẹ kò fẹ́?" kí ó fọwọ́ sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí a padà bi ọkùnrin tó ta ìwé wa, iye tó ní a bá fi lé e kò tó owó tí a fi se ìrẹsì níbi ayẹyẹ ìparí ọdún. À bá ti san án.

Sí àjọ NAICOM: ẹ ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, a sì ti kọ̀wé sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìlànà tirẹ̀ fún omi. Ọkọ̀ tó forí sọ ògiri lè dúró de ayẹ̀wò fún oṣù kan kó má yí padà. Ọkọ̀ tó mu omi kò lè dúró. Kí wọ́n wá wò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí olówó rẹ̀ ya fọ́tò, kó sì sá ohun tó lè sá sí oòrùn.

Sí ara wa: ohun tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alẹ́ mẹ́fà la fi jókòó tí a fi túmọ̀ ojú ewé 14 náà sí Yorùbá tí ìyá àgbà lè gbọ́. Kò rọrùn. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó gùn tó ìlà mọ́kànlá, ìtumọ̀ méjì ló sì ní. Olùkọ́ kan tó mọ òfin sọ fún wa pé, nílé ẹjọ́, bí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn bá ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó gbe ẹni tí kò kọ ọ́ ni wọ́n sábà ń mú. Gbólóhùn ìlà mọ́kànlá yẹn ló sọ ohun tí wọ́n ń pè ní "gbó fúnra rẹ̀". Òun la gbé ìwé kejì tí a kọ sí wọn lé, pẹ̀lú fọ́tò ilà ẹrẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, a ò tọrọ owó bọ́ọ̀sì mìíràn lọ́wọ́ yín lónìí. Bí amòfin bá wà láàárín yín, ẹ bá wa ka ìwé kejì yẹn kí ó tó lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, yálà ọkọ̀ ni ìwé yín wà fún, tàbí ṣọ́ọ̀bù ìyá yín, ẹ gbé e wá sí yàrá ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. A máa jọ kà á. Èdè tí wọ́n ń bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe, èyí wà lára ohun tí a máa fi ṣe.

Bọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ilà ẹrẹ̀ yẹn ṣì wà lára rẹ̀. A ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́.